Kẹ́ẹ̀gì Tí Mi Ò Gún Nídìí

Náírà mẹ́fà ni wọ́n ta ẹyẹ awó kan fún mi ní Àgọ́-Àmọ̀dú lọ́jọ́ ọjà tó kọjá. Mi ò tilẹ̀ dúnàá-dúrà, èmi tí mo lè tìtorí kọ́bọ̀ méjì bá ènìyàn fa ọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú... ìtìjú ló san owó awó yẹn, kì í ṣe èmi. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ má bi mí lórúkọ, ẹ sá gbọ́ mi kí ẹ gbà mí nímọ̀ràn, torí ọ̀rọ̀ tí mo ti ń fi rẹ́rìn-ín láti bí oṣù mẹ́rin ti wá há mi lọ́fun bí egungun ẹja. Àwọn orúkọ tí mo máa dá náà kì í ṣe orúkọ wọn.

Ike àlòkù ni mò ń rà ní Ṣakí níbí. Mò ń kiri láti ilé dé ilé, abọ́ tó ya, bùtá tí ọwọ́ rẹ̀ ti já, bàtà rọ́bà, kẹ́ẹ̀gì... bí mo bá kó wọn délé, màá dà wọ́n sílẹ̀, màá ṣà wọ́n. Èyí tó ti fọ́ ń lọ sínú àpò, ọlọ́kọ̀ Ìbàdàn ni yóò wá wọ̀n ọ́n, yóò kó o lọ síbi tí wọ́n ti ń yọ́ ọ fi ṣe bùtá tuntun. Kẹ́ẹ̀gì tó ṣì dára, tó jẹ́ pé òróró ló gbé rí, màá fọ̀ ọ́, màá tà á. Ṣùgbọ́n èyí tó bá gbé oògùn kòkòrò tí àwọn olóko òwú ń fín, bó ti wù kó dán tó, a gbọ́dọ̀ ki irin gbígbóná bọ̀ ọ́ nídìí, kó di ajádìí, kí ẹnikẹ́ni má fi pọnmi mọ́ láéláé. Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ kì í fẹnu kan oúnjẹ kó tó gún tirẹ̀ tán. Èmi náà mọ̀ ọ́n. Kí n má parọ́, mo mọ̀ ọ́n dáadáa.

Kẹ́ẹ̀gì kan wá dé láti oko òwú kan lọ́nà Kíṣí, funfun báláú, ìdérí rẹ̀ pé, ogún kọ́bọ̀ ni mo rà á. Irin ti pọ́n nínú iná. Mo wo irin, mo wo kẹ́ẹ̀gì... ojúkòkòrò ní kí n gbé irin sílẹ̀. Mo fi eérú fọ̀ ọ́, mo fi yanrìn fọ̀ ọ́, mo sá a sóòrùn fún ọjọ́ mẹ́jọ, mo wá fimú sí i, mi ò gbóòórùn nǹkan kan. Imú wo ni mo sì ń gbójú lé? Imú tí mo ti fi fín áṣáà láti ìgbà tí mo ti bí àkọ́bí mi!

Bàbá Mùrí, àgbẹ̀ oníṣu tó jẹ́ aládùúgbò mi, ló rà á ní náírà méjì. Ó ní kí n dín owó kù, mo ní omi inú irú kẹ́ẹ̀gì yìí máa ń tutù ju ti àmù lọ. Ìyàwó rẹ̀ kékeré, Sàlámátù, ọmọ Ìjìó, ló ń pọnmi oko sí i láràárọ̀. Ní ọjọ́ kẹta, kẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi gbé baba wálé, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Ọsibítù ní májèlé ló mu. Ta ló pọnmi? Sàlámátù. Ta ló gbé e fún un? Sàlámátù. Èmi ńkọ́? Ẹ gbọ́ ohun tí ẹnu mi yìí sọ láàárín ọjà. Mo ní, ẹ̀yin ọkùnrin, ẹni tó bá fẹ́ fẹ́ ìyàwó kékeré, kó yáa kọ́kọ́ ra ewúrẹ́ tí yóò máa bá a tọ́ omi wò! Ọjà wó lẹ́rìn-ín. Títí di òní, àwọn ọmọdé ṣì ń sọ ọ́ kiri. Ọ̀rọ̀ yẹn ló lé ọmọ ọlọ́mọ padà sí Ìjìó, ẹrù lórí, ọmọ lẹ́yìn.

Ó wá ku kẹ́ẹ̀gì. Ìyá Mùrí, ìyálé, kó o pọ̀ mọ́ abọ́ fífọ́ wá bá mi, ó ní òun ò fẹ́ fojú kan ohun tí wọ́n fẹ́ fi pa ọkọ òun. Mo fún un ní kọ́bọ̀ mẹ́wàá. Kò tíì dé ẹnu ọ̀nà tí mo ti ki irin bọ iná... ẹ ò rí i, ìgbà yẹn ni mo wá rántí gún un! Ọlọ́kọ̀ wọ̀n ọ́n, ó fún mi ní kọ́bọ̀ márùn-ún. Bóyá ó ti di bùtá báyìí, bóyá alálùwàlá kan ló ń fi ṣanjú níbì kan.

Awó yẹn ni mo gbé lọ sí Ìjìó. Mo fẹ́ kúnlẹ̀ fún ọmọ tí mo jù lọ ni, kí n jẹ́wọ́ fún un. Mo dé ọ̀dọ̀ Sàlámátù, ó ti rù, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, “Ìyá mi, ẹ̀yin nìkan lẹ wá wò mí látigbà tí mo ti dé.” Mo na awó náà sí i. Mo ní mo kàn ní kí n kí ọ ni. Ó pa awó, ó sè é, ó bu itan rẹ̀ fún mi... mo sì jẹ ẹ́. Ẹ̀yin ènìyàn, mo jẹ ẹ́ tán!

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Bàbá Mùrí ní bí wọ́n bá ti wa iṣu tán, òun yóò kọ Sàlámátù sílẹ̀, iṣu sì ti ń tó wà. Bí mo bá sọ̀rọ̀, ta ni yóò tún ra kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ mi ní gbogbo Ṣakí? Ọjà tí mo pa lẹ́rìn-ín yẹn, ṣé wọn ò ní fi ewúrẹ́ yẹn kọrin fún mi? Bí mi ò bá sì sọ̀rọ̀... ṣé baba ni kí n kọ́kọ́ bá ni, àbí ìyálé, àbí kí n tún padà sí Ìjìó? Ẹ má ṣàánú mi, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Mo ti ro gbogbo ohun tí kẹ́ẹ̀gì yẹn wọlé fún mi, ìgbà tí mo rà á lẹ́ẹ̀mejì àti ìgbà tí mo tà á lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò ka awó mọ́ ọn, torí èmi náà jẹ níbẹ̀. Èrè tí mo jẹ lórí ìyàwó oníyàwó kò ju náírà kan àti kọ́bọ̀ márùndínlọ́gọ́rin.