Oògùn Inú Agolo Bisikíìtì

Láti ọwọ́ èmi Olóyè Reuben Ọlásúnkànmí, Baálẹ̀ Òkè-Ìdó, baba tó bí ọ, sí ọmọ mi Olúfúnmi ní Harpurhey, Manchester.

Olúfúnmi, ṣé dáadáa lo wà? Ṣé òtútù ìlú òyìnbó ò pa ọ́ jù? Ayọ̀mikún ọmọ rẹ ńkọ́, ọmọ gidi tí kì í dá wàhálà sílẹ̀ rárá? Ọlọ́run yóò dá ẹ̀mí rẹ sí, ìwọ ni yóò sin mí, o ò ní ṣáájú mi lọ. Gbogbo wa wà ńlé, àfi pé ewúrẹ́ ìyá rẹ gbé síìmù fóònù mi mì. A gbétí sí i níkùn títí bóyá yóò dún, kò dún, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ lẹ́tà.

Mo gbọ́ nípa àìsàn ọmú rẹ. Mo gbọ́ pé wọ́n gé e, wọ́n wá ń fa oògùn sí ọ lára títí irun orí rẹ fi re tán, tí ìka rẹ ò fi lè de bọ́tìnnì mọ́. Wọ́n ní lẹ́yìn ìyẹn ẹ̀rọ ńlá kan ń yà ọ́ ní fọ́tò lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó sì jó ọ láwọ̀. Inú bí mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, wọn ò sì fún ọ ní ẹyọ fọ́tò kan kí o fi ránṣẹ́ sílé!

Ṣùgbọ́n èyí tó ń dùn mí jù ni ti wóró oògùn tí dókítà ní kí o máa lò lójúmọ́ fún ọdún márùn-ún, kí àrùn náà má baà padà. Láti ọjọ́ tí o ti jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé Olúwa ti wò ọ́ sàn, tí gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́, o ò fẹnu kàn án mọ́. O ní ẹni tó bá ṣì ń lo oògùn ti sọ ẹ̀rí rẹ̀ di irọ́. Mo rí i lójú àlá: páálí mẹ́rin, nínú agolo bisikíìtì Kérésì, lókè bọ́ílà tó ń mú ilé yín gbóná, lápá òsì. Olúfúnmi, Ọlọ́run tó wò ọ́ sàn ò ní torí wóró kan bínú. Ọdún tí mo ro oko ẹ̀gẹ́ tán tí mi ò padà lọ wò ó, ṣé o rántí? Koríko la kórè.

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra síìmù. Ṣùgbọ́n páálí oògùn tó ti ṣófo ni kí o kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, kí n kà á. Ara rẹ yóò le, wà á jẹun ọmọ.

Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má nà mí. Èmi Ayọ̀mikún ni. Bàbá àgbà ò mọ nǹkan kan, ẹ̀yin náà lẹ ní ká má sọ fún wọn. Ohùn wọn tí mo máa ń ṣe tí ẹ fi ń rẹ́rìn-ín ni mo fi kọ ọ́, torí ó ti pẹ́ tí ẹ ti rẹ́rìn-ín. Mò ń rí yín bí ẹ ṣe ń fọwọ́ tẹ abẹ́ apá yín níwájú mirror. Mo ti ṣí lẹ́tà hospital méjèèjì tí ẹ fi sábẹ́ Bíbélì. Mo wá fi ohùn yín pe hospital lórí fóònù. Wọ́n gbà pé ẹ̀yin ni. Wọ́n ní ká wá ní Thursday, aago mẹ́wàá. Wọ́n bi mí bóyá mò ń lo oògùn mi déédéé. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, lójoojúmọ́.

Mo ti jẹ́rìí fún yín, Mọ́mì. Ẹ má sọ ọ́ di irọ́.