Bàbá Mẹkáníìkì Tí Àwọn Awakọ̀ Máa Ń Tanná Kí

Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ péjọ síbi ìsìnkú yìí lẹ ti fura nígbà ayé bàbá wa pé etí wọn ti di. Bàbá fúnra wọn nìkan ni kò gbà bẹ́ẹ̀.

Ọdún 1948 ni wọ́n bí wọn. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá wọn. Ìyá wọn ń ta búrẹ́dì. Wọ́n ka ìwé mẹ́fà, wọ́n sì kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì. Ní 1974, wọ́n fẹ́ ìyá wa, aránṣọ. Ọdún yẹn náà ni ilé-iṣẹ́ bọ́ọ̀sì gbà wọ́n síṣẹ́.

Láti ẹnu géètì ni bàbá ti máa ń gbọ́ àìsàn ẹ́ńjìnnì. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará ibi iṣẹ́ fi ń pè wọ́n ní Etí-Abẹ. Orúkọ náà dùn mọ́ wọn débi pé wọ́n ní kí ìyá wa rán an sẹ́yìn aṣọ iṣẹ́ wọn.

Wọ́n ti lé lọ́gọ́ta ọdún kí etí ọ̀hún tó di. Ìyá wa ní kí wọ́n lọ rí dókítà. Èsì wọn ni pé, “Ẹ̀yin lẹ ń sọ̀rọ̀ sínú.” Níbi iṣẹ́, wọ́n dọ́gbọ́n sí i: wọ́n á tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ́ńjìnnì, wọ́n á fi orí sípánà gígùn kan irin, wọ́n á gbé àgbọ̀n wọn lé ìdí rẹ̀, gbígbọ̀n rẹ̀ á sì ròyìn fún wọn. Ká sòótọ́, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣì í. Ọ̀gá ní kí wọ́n wá máa jókòó tún pọ́ńpù ṣe ní yàrá ẹ̀yìn. Bàbá kọ̀ jálẹ̀.

Àyà wa kò balẹ̀ mọ́. Bọ́ọ̀sì ń gba ẹ̀yìn wọn wọ ṣẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Bí fóònù bá ti dún lọ́sàn-án, ìyá wa á dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró, a ó máa wojú ara wa: ta ló fẹ́ gbé e? Bí bàbá bá pẹ́ díẹ̀, àwọn ọmọ wa kékeré á ti dé ojú títì.

Ní 2012, àwọn awakọ̀ ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í tanná sí bàbá. Ọkọ̀ kankan kò ní wọ ṣẹ́ẹ̀dì tó ṣókùnkùn yẹn láìjẹ́ pé iná rẹ̀ kọ́kọ́ ṣẹ́jú lára ògiri iwájú wọn. Bàbá á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á gbọ́wọ́ sókè bí ọba. Wọ́n á délé, wọ́n á ní: “Ṣé ẹ rí i? Ọ̀gá pàápàá, ta ló ń tanná kí i? Ọjọ́ tí wọn ò bá kí mi bẹ́ẹ̀ mọ́ ni mo máa fiṣẹ́ sílẹ̀.”

Àwọn awakọ̀ kò ṣíwọ́ títí bàbá fi fẹ̀yìn tì. Orí ibùsùn wọn ni wọ́n sùn sí, ara wọn pé. Ìyá wa, ọmọ mẹ́rin àti ọmọ-ọmọ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi sáyé lọ.

Etí-Abẹ, ẹ sùn un re o.

Ìyá wa ló lọ bẹ àwọn awakọ̀ pé kí wọ́n máa tanná, torí bàbá kò gbọ́ hóònù.