Ìlà Keje Nínú Fọ́ọ̀mù Ìgbéyàwó

Àìkú, 2 Oṣù Kẹwàá, 2022

Èmi àti Màmá lọ sí ilé ìwòsàn lọ gba ìwé àyẹ̀wò ara. Láìsí i, Àlùfáà ò ní so yìgì èmi àti Ṣukri. Nọ́ọ̀sì béèrè orúkọ mi. Orúkọ ara mi ló sì máa ń le jù — Ẹnubodè tì gbọin. (Ẹnubodè ni mo ń pe kíkólòlò mi láti kékeré. Ó ń ṣí, ó ń tì, kì í gba àṣẹ lọ́wọ́ mi.) Màmá bá mi dáhùn: "Ibtihal ni. Ojú ló ń tì í." Irọ́. Ojú ò tì mí rárá.

Nọ́ọ̀sì dé ìlà keje: ṣé aláàbọ̀ ara ni? Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Màmá ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Nọ́ọ̀sì wo ẹnu mi, ó gbé bírò sílẹ̀, ó ní ká mú fọ́ọ̀mù lọ sílé, kí n fọwọ́ ara mi kọ ọ́. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mí. Kò sẹ́ni tó bi mí rí.

Ìṣẹ́gun, 4

Ìlà keje ṣì ṣófo.

Rédíò wá — Àǹtí Wajida, àbúrò Màmá, tí ìròyìn kì í sùn lẹ́nu ẹ̀. Ó ní tí mo bá kọ bẹ́ẹ̀ ni, ìyá Ṣukri á sọ pé àrùn ìdílé ni, wọ́n á sì wá kó gbogbo àga tí ọmọ wọn kàn fún wa padà. "Ọmọ mi, ṣé o fẹ́ kí wọ́n ní ọjà tó ti bàjẹ́ la gbé fún àwọn ni?" Mo fẹ́ sọ fún un pé Ṣukri ti ń gbọ́ mi láti ọdún méjì, kì í ṣe adití. Kí n tó bọ́ lára "Ṣu", ó ti mu tíì rẹ̀ tán, ó ti ń wá bàtà.

Ọjọ́bọ̀, 6

Ìpàdé wa — àwa akólòlò méje, yàrá òkè ṣọ́ọ̀bù olóògùn, létí odò. Mo gbé ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù kalẹ̀. Ilé dàrú.

Najaat ní aláàbọ̀ ara lòun, òun ní káàdì, òun ò sì tijú. Káàdì yẹn ló jẹ́ kí wọ́n fún òun ní àkókò tó pọ̀ sí i nígbà ìdánwò àfẹnuṣe. "Ṣé kí n wá máa díbọ́n, kí inú àwọn tó ń kánjú lè dùn?"

Tíṣà Bahjat, tó ti fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ ní ìṣirò, lu tábìlì: "Akólòlò ni mí, aláàbọ̀ ara kọ́! Etí àwọn èèyàn ló yarọ."

Najaat ní, "Tíṣà, ta ló ń bá yín ra búrẹ́dì?"

Ó ká ọwọ́ kúrò lórí tábìlì. Ìyàwó rẹ̀ ni. A rẹ́rìn-ín títí. Ibẹ̀ nìkan ni èèyàn ti lè fi ìṣẹ́jú mẹ́ta ṣe àwàdà kan ṣoṣo, ká sì dúró dè é.

Mo darí sílé. Mi ò mọ ẹ̀yìn ẹni tí mo wà.

Ẹtì, 7

Ṣukri wá jẹun ọ̀sán. Ẹja àti ìrẹsì. Ó fẹ́ràn mi, mo mọ̀. Àmọ́ ó máa ń bá mi parí ọ̀rọ̀. Mo ní "mo fẹ́—", ó ní "omi?" Iyọ̀ ni mo ń wá. Mo mu omi.

Ajé, 10

Bàbá Lutfi wá, ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Bàbá mi ti kú, òun ló máa fà mí fún ọkọ. Ó ní: "Ìwọ ò ní wàhálà kankan, ọmọ mi. Àlùfáà á bi ọ́, o ò ní fọhùn. Ìdákẹ́jẹ́ wúńdíá, ìyọ̀ǹda rẹ̀ ni." Gbogbo ilé ń yọ̀. Oríire ńlá fún akólòlò!

Inú bí mi. Láti ọmọ ọdún méje ni wọ́n ti ń ka ìdákẹ́jẹ́ mi sí bẹ́ẹ̀ ni. Níbi iṣẹ́, níbi tí a ti ń ta mushabbak, àkàrà dídín olóyin, wọ́n gbé mi kúrò níwájú oníbàárà lọ sídìí agbada epo. Mo dákẹ́. Wọ́n ní mo gbà.

Mo fẹ́ fi ẹnu ara mi gba Ṣukri. Ìyẹn nìkan ni mo ń fẹ́.

Ọjọ́rú, 12

Mo pe ilé ìwòsàn lórí fóònù, kí n bi wọ́n bóyá mo lè fi ìlà keje sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. "Ẹ ńlẹ́? Ẹ ńlẹ́? Kò séèyàn níbẹ̀." Wọ́n pa á. Mo tún pè. Wọ́n tún pa á. Èèyàn wà níbẹ̀ o.

Mo wọ bàtà, mo lọ fúnra mi, mo fàlà sí Bẹ́ẹ̀ ni níṣojú wọn. Wọ́n lu òǹtẹ̀. Lónìí, bẹ́ẹ̀ ni. Tọ̀la, mi ò mọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 13

Màmá ti rí ìwé náà. Ó sunkún. Kò bá mi sọ̀rọ̀, èmi náà ò bá a sọ̀rọ̀ — ó sì rọ̀ mí lọ́rùn jù ú lọ.

Ṣukri kà á, ó ní "kò burú", ó ká a sí méjì, ó kì í bọ àpò. Kò mú un han ìyá rẹ̀.

Ẹtì, 21

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, pálọ̀ wa kún. Ṣukri àti Bàbá Lutfi di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n fi áńkáṣífì funfun bò ó, bí àṣà yìgì wa. Àlùfáà ń ka àwọn ìwé. Ó dé ìlà keje, ó dúró.

Bàbá Lutfi yára sọ pé ìdákẹ́jẹ́ mi ni ìyọ̀ǹda mi. Àlùfáà mi orí: "Ẹni tó lè sọ̀rọ̀ tó wá dákẹ́ nìyẹn wà fún. Ìwé ní aláàbọ̀ ara ni. N ò so yìgì yìí àfi tí mo bá gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀."

Ìyá Ṣukri ní, "Aláàbọ̀ ara báwo?" Rédíò káwọ́ lérí. Màmá wò mí bí ẹni pé mo ti iná bọlé.

Mo ní "Mo—". Ẹnubodè tì. "Mo g—". Bàbá Lutfi fẹ́ bá mi sọ ọ́, Àlùfáà gbọ́wọ́ sókè. Ṣukri la ẹnu. Mo wò ó. Ó pa á dé. Òógùn ń já bọ́ níwájú orí rẹ̀. Wọ́n máa ń wí pé bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Ó pẹ́ o.

"Mo gbà."

Ìyá Ṣukri ló kọ́kọ́ figbe ayọ̀ ta.

Lórí àtẹ̀gùn, Ṣukri ní, "Ìyàwó mi, àyà mi já. Mo rò pé o fẹ́ kọ̀ ni." Mo ní mo lè kọ̀. Ó dúró títí mo fi sọ ọ́ tán. Mo ṣì ń rò ó báyìí: látìgbà tí wọ́n ti bí mi, òní ni ẹnì kan kọ́kọ́ bẹ̀rù pé mo lè sọ pé rárá.