Bàbá Oníwèé, Irewọlé Ọ̀ṣungbèmí, àti Àpótí Tí Wọn Kò Ṣí fún Ẹnikẹ́ni

Ní Ìfọ́n-Ọ̀ṣun ni wọ́n ti bí Bàbá wa, Olóògbé Jósẹ́fù Irewọlé Ọ̀ṣungbèmí, lọ́dún 1931. Oṣù wo, ọjọ́ wo, kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tí a gbọ́ ni pé àwọn àgbẹ̀ ń wa iṣu tuntun lọ́wọ́ nígbà náà. Ọ̀ṣúndáre Ọ̀ṣungbèmí ni baba wọn, àgbẹ̀ tó ń bọ Ọ̀ṣun láìpariwo. Ìyá wọn ni Mọ́ládùn, aláró. Mọ́ládùn bímọ púpọ̀, Irewọlé nìkan ló kù fún un. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kẹ́ Bàbá bí ẹyin, tí wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n lọ sílé ìwé nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ wọn ń lọ sóko.

Ilé ìwé míṣọ́n ni Bàbá ti ka ìwé dé sitándáàdì síìsì lọ́dún 1948. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ìrìbọmi, tí wọ́n gba orúkọ Jósẹ́fù. Lọ́dún 1949, wọ́n lọ kọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Òṣogbo. Lẹ́tà onírin kéékèèké ni wọ́n ń tò, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí ojú á fi máa ṣe bàìbàì. Wọn kò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì lọ́dún 1986. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ wà níbí, àwọn ni wọ́n tẹ káàdì ìgbéyàwó yín.

Lọ́dún 1958 ni Bàbá gbé Rísíkátù, ọmọ Bàbá Mùsílíù Ògúnjọbí ti Ìlobù, níyàwó. Mùsùlùmí ni ìyàwó, Kristẹni ni ọkọ. Kò sẹ́ni tó fi ìyẹn dá wàhálà sílẹ̀. Bàbá Ìlobù, bí a ṣe ń pe baba ìyá wa, fẹ́ràn àna wọn dénú. Ẹnu Ìyá wa, Rísíkátù, ni a ti gbọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí a kọ síbí. Àwọn ni wọ́n ní kí a kọ ọ́ bó ṣe rí gan-an. Wọ́n ní ó ti rẹ àwọn láti máa dá a gbé kiri.

Ní nǹkan bí ọdún 1963, àwọn ọ̀dọ́ kan àti àwọn òyìnbó kan bẹ̀rẹ̀ sí í dá àrà ní Òṣogbo. Wọ́n ń gbẹ́ àwòrán sára pátákó, wọ́n ń fi tẹ ìwé tí ẹnikẹ́ni ò rí irú rẹ̀ rí, wọ́n sì gbé díẹ̀ nínú rẹ̀ wá sí ilé iṣẹ́ tí Bàbá wà. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó irú ìwé bẹ́ẹ̀ jọ, wọ́n sì ń pè wọ́n ní ìwé àrà. Ọ̀kan wà tí wọn ò rán pọ̀ rárá, abala abala ni nínú páálí, ibi tó bá wù ọ́ ni wàá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ìwé àtìgbàdégbà kan wà tó jẹ́ àpò kòkó ni wọ́n fi ṣe èèpo rẹ̀. Òmíràn tún wà tó jẹ́ pé lẹ́tà kan ṣoṣo ló dá dúró láàárín ojú ewé ńlá. Ìyá ní àwọn bi ọkọ àwọn pé ṣé yíǹkì ló tán lọ́wọ́ ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ni. Bàbá ní rárá o, ẹni náà fẹ́ kí a gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ ni. Ìyá ní háà, ìdákẹ́jẹ́ náà tún ti di ohun tí èèyàn ń gbé lọ sílé ìtẹ̀wé!

Bàbá máa ń fi ìwé Òṣogbo ránṣẹ́ láti pósítọ́fíìsì sí àwọn tó ń kó irú rẹ̀ jọ ní Jámánì, ní Bùràsíl àti ní Jàpáànù. Àwọn yẹn á sì fi tiwọn ránṣẹ́ padà. Bó ṣe di pé ohun tí wọn ò ní ní yunifásítì wà ní agboolé Ọ̀ṣungbèmí nìyẹn. Àwọn ará àdúgbò ń pe Bàbá ní Bàbá Oníwèé. Bí ọyẹ́ bá ti dé, wọn á tẹ́ ẹní sí ẹ̀yìnkùlé, wọn á sá ìwé bí ẹni ń sá èlùbọ́, wọn á sì fi ewé dóńgóyárò gbígbẹ sáàárín wọn kí kòkòrò má baà jẹ wọ́n. Ìyá ló ń lé ewúrẹ́. Ìyá ló ń lé adìyẹ. Wọ́n ní àwọn ò mọ ohun tí ìwé náà ń sọ, àmọ́ ẹ̀yìn àwọn mọ bó ṣe wúwo tó.

Agboolé wa ní Ìfọ́n tóbi, ọwọ́ sì pọ̀ níbẹ̀. Lọ́dún 1991, ìyàwó ilé kan tó ń din àkàrà fa abala yọ nínú ìwé tí wọn ò rán pọ̀, ó fi di àkàrà fún oníbàárà. Kò mọ̀ ọ́n ṣe. Ta ló máa rí bébà tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nǹkan lára rẹ̀ tó máa ní ìwé ni? Bàbá rí i lójú títì, epo ti gbà á. Wọn ò bá ẹnikẹ́ni jà.

Lọ́dún 1992, wọ́n kó gbogbo ìwé àrà náà sínú àpótí pákó ńlá kan, wọ́n gbé e lọ sílé àna wọn ní Ìlobù. Ọgbọ́n tí Bàbá dá ni pé èèyàn lè tú ẹrù àbúrò, ó lè tú ẹrù ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n ta ni yóò tú ẹrù àna? Wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá Ìlobù, wọ́n bẹ̀ wọ́n pé kí ẹnikẹ́ni má ṣí i, kí ẹnikẹ́ni má sì sún un. Bàbá Ìlobù gbà. Ohun tó wà lọ́kàn Bàbá ni pé oṣooṣù làwọn fúnra àwọn yóò máa yà síbẹ̀, kí àwọn lè ṣí i kí atẹ́gùn fẹ́ sí i.

Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀ láàárín ìlú méjèèjì tún gbóná. Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ náà kàn mọ̀ ọ́n, a ò ní tún un sọ níwájú òkú. Bàbá ò lè gba Ìlobù kọjá mọ́. Ìyá nìkan, nítorí pé ọmọ ibẹ̀ ni wọ́n, ló ń yọ́ lọ kí baba wọn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ní Ìfọ́n, ọmọ Ìlobù ni wọ́n ń pè wọ́n. Ní Ìlobù, ìyàwó Ìfọ́n. Ó rẹ̀ wọ́n tẹnu tẹnu.

Bàbá rán Ìyá pé kí wọ́n bá àwọn ṣí àpótí náà, kí wọ́n sá ìwé, kí wọ́n pààrọ̀ ewé. Ìyá kúnlẹ̀, wọ́n jẹ́ iṣẹ́ náà. Bàbá Ìlobù kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní, “Rísíkátù, ọkọ rẹ ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e lé mi lọ́wọ́, òun náà ni yóò wá ṣí i. Wọ́n ń sọ kiri pé àna ò sí láàárín àwa àti Ìfọ́n mọ́. Mo ní kí wọ́n wá wo ẹrù àna mi nínú yàrá mi. Bó o bá ṣí i lónìí, ọ̀la lo máa gbé e lọ. Kí ni màá wá fi hàn wọ́n?” Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni Bàbá Ìlobù ń fi òróró nu àpótí náà. Ìyá á padà délé, wọ́n á ní ó ń dán yinrin. Bàbá á ní, “Inú rẹ̀ ńkọ́?”

Lọ́dún 1996, nǹkan rọlẹ̀ díẹ̀. Bàbá wọ agbádá, àwọn àti Ìyá sì lọ sí Ìlobù lọ́sàn-án gangan. Bàbá Ìlobù pe gbogbo ilé jọ pé kí wọ́n wá wo àna tó wá bá ẹrù rẹ̀ bó ṣe fi í sílẹ̀. Bàbá fọwọ́ kan àpótí náà. Àpótí tí ọkùnrin mẹ́rin gbé wọlé fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí igbá òfìfo, Ìyá sì rí erùpẹ̀ pupa lábẹ́ rẹ̀. Ikán ni. Ó ti gba ìsàlẹ̀ wọlé, ó ti jẹ inú tán, òkè sì ń dán.

Ìyá ti lanu láti ké. Bàbá yára jókòó lé àpótí náà, wọ́n sì fi etí agbádá bo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ní, “Bàbá, ẹ ṣeun. Ọlọ́run yóò bá yín pa tiyín mọ́. Ohun tó wà lọ́wọ́ yín, kí ni mo tún fẹ́ yẹ̀ wò níbẹ̀?” Omijé ayọ̀ bọ́ lójú Bàbá Ìlobù, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Bí àdúrà ṣe ń lọ, Ìyá ń fi gèlè gbá erùpẹ̀ lábẹ́ agbádá. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ilé fẹ́ gbé àpótí náà, Bàbá ò jẹ́. Àwọn àti Ìyá, àgbàlagbà méjì, ni wọ́n gbé e dé ìdí ọkọ̀. Wọ́n ń dúró, wọ́n ń mí hẹlẹ bí ẹni tó gbé òkúta. Àwọn ọ̀dọ́ ń rẹ́rìn-ín pé ahun rèé o, kò fẹ́ kí ọwọ́ ẹlòmíràn kan ìwé òun.

Nígbà tí wọ́n délé, wọ́n ti ilẹ̀kùn kí wọ́n tó ṣí i. Erùpẹ̀ díẹ̀ ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ohun tí ikán ò lè jẹ nìkan ló kù: àwọn píìnì irin tí wọ́n fi di ìwé, tó ti dógùn-ún. Ìyá ò rí i kí ọkọ wọn sunkún rí. Wọ́n rí i lọ́jọ́ náà. Bàbá ní, “Rísíkátù, bàbá rẹ ò gbọdọ̀ gbọ́ o. Yóò pa wọ́n.” Ẹlòmíràn ò sì gbọdọ̀ gbọ́, torí Ìlobù ò jìnnà, ẹnu ayé ò sì ní ìdérí.

Ẹ̀yin ará ìjọ mọ iṣẹ́ tí Bàbá ṣe láàárín yín. Gbogbo ìwé orin tó ya, àwọn ni wọ́n ń tún un dì. Ṣáájú ìgbà náà, wọ́n ti ṣèlérí fún ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú pé ìwé àrà náà yóò wà ní yàrá kan tí ọmọ Ìfọ́n àti ọmọ Ìlobù yóò ti máa wò ó. Nígbà tí ẹgbẹ́ wá béèrè, Bàbá ní àwọn ò ṣe mọ́. Wọ́n bú wọn níjókòó. Lọ́dún 1997, Ọmọ́bọ́láńlé, àkọ́bí wọn tó ti dàgbà kó tó lọ kọ́ iṣẹ́ ọnà ní yunifásítì, mú olùkọ́ rẹ̀ wálé láti wá wo ìwé náà. Bàbá ò ṣí àpótí. Ọmọ́bọ́láńlé sọ lójú àlejò pé ahun ni baba òun, pé kí wọ́n gbé e wọ sàréè. Bàbá ní, “Bóyá bẹ́ẹ̀ ni.” Kò wálé kérésìmesì ọdún náà, kò sì wá ti ọdún tó tẹ̀ lé e.

Lọ́dún 1998, Bàbá Ìlobù dùbúlẹ̀ àìsàn. Wọ́n pe àwọn ọmọ jọ, wọ́n ní àwọn ò kọ́ mọ́sálásí, àwọn ò lọ Mẹ́kà, ṣùgbọ́n nígbà tí ayé dàrú, àwọn pa ẹrù àna àwọn mọ́. Kí Ọlọ́run wo tìyẹn mọ́ àwọn lára. Bàbá wa wà níbẹ̀. Ohùn wọn ló ròkè jù nígbà tí wọ́n ṣe àmín.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Ìyá ní kí wọ́n wá sọ fún Ọmọ́bọ́láńlé wàyí. Bàbá ní kí ọdún àgbàlagbà náà yí ná. Kò tíì yí tí àìsàn fi gbé Bàbá wa náà dè, wọ́n sì dákẹ́ ní oṣù kárùn-ún ọdún 1999 yìí.

Àwọn tí Bàbá fi sáyé lọ ni Ìyá wa, Rísíkátù. Àwọn ọmọ, Ọmọ́bọ́láńlé, Fàwáz àti Dọlápọ̀sí. Àwọn ọmọ-ọmọ, Aishat àti àwọn mìíràn. Ẹ̀yin ará ilé Ògúnjọbí, ẹ má bá òkú yín jà. Ẹrù àna lẹ pa mọ́, bí wọ́n ṣe kọ́ yín lẹ pa á mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ wá béèrè ìwé, ẹ má wulẹ̀ dààmú ara yín, kò sí mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ pe Bàbá ní ahun, ẹ ò mọ̀, a ò bá yín wí. Ọmọ́bọ́láńlé náà ò mọ̀. Lẹ́yìn tí Bàbá kú ni Ìyá sọ fún un. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí àpótí náà, ó bu erùpẹ̀ ibẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó ní, “Bàbá mi, ẹ ò bá ti sọ fún mi.”

Irewọlé, ọmọ Ọ̀ṣúndáre, ọkọ Rísíkátù, ó rẹ̀ yín, ó sì rẹ àwa náà. A ti sọ ọ́ fún wọn. Ẹ sùn, Bàbá. Ilẹ̀ á tù yín lára.