Ọdún Kan Tí A Fi Pamọ́

Yàrá Kẹrin, Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
Ẹ̀yìn Ọsibítù Ńlá.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹwàá.

Ìyàwó Káfíńtà, ọ̀rẹ́ mi tòótọ́,

Kí n tó béèrè àlàáfíà rẹ, jẹ́ kí n ṣírò owó ná, kí ara lè tù mí láti kí ọ dáadáa. 300,000 lo yá mi. Mo fi 260,000 tèmi lé e, ó di 560,000. Ilé ìwé dókítà gba 400,000 láti fi di àyè àbúrò mi mú. Àyẹ̀wò ara àti abẹ́rẹ́ àjẹsára jẹ́ 35,000. Ìwé àlòkù méjì, 42,000. Owó ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀, 24,000. Fọ́tò àti òǹtẹ̀ lórí ìwé ẹ̀rí, 11,000. Kóòtù funfun àlòkù kan, 8,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 520,000. Ó ku 40,000 lọ́wọ́ mi. Àyè náà kò sí mọ́, wọn kì í sì í dá 400,000 yẹn padà.

Ó yá, ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ ti fúyẹ́? Káfíńtà ńkọ́, ṣé ó ti jáwọ́ nínú gbígbé igi tó ju agbára rẹ̀ lọ? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá àbíkẹ́yìn tó máa ń bá mi ka owó mi bí ẹni pé òun ló ni ín? Ara tèmi le, àfi èjìká ọ̀tún tí áyọ́ọ̀nù ti sọ di tirẹ̀. Iṣẹ́ alágbàfọ̀ ṣì ń lọ díẹ̀díẹ̀.

O mọ bí àbúrò mi ṣe ṣe nílé ìwé. Kì í ṣe pé orí rẹ̀ kú; ó ṣeré ni. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ló wọ yunifásítì àkọ́kọ́. Ó fìdí rẹmi nínú ẹ̀kọ́ mẹ́fà nínú mẹ́jọ, wọ́n ní kó máa lọ sílé lẹ́yìn ọdún kan. Ó wọ èkejì, ó ṣe é tán, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ pátápátá ló wà. Iṣẹ́ tó rí lẹ́yìn ìyẹn ni kó máa ti bẹ́ẹ̀dì àwọn aláìsàn ní ọsibítù, ẹnu iṣẹ́ yẹn ni ọgbọ́n sì ti dé. Ó ní ó ti sú òun láti máa ti ènìyàn dé ẹnu ilẹ̀kùn tí òun kò lè wọ̀. Ọdún méjì ló fi lọ tún kẹ́mísírì àti bàọ́lọ́jì kọ́ ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́. Orí ìdúró ló ti ń kàwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi kí oorun má baà gbé e, yóò máa bá mi ká ṣẹ́ẹ̀tì bó ṣe ń kà. Nígbà tí èsì dé, kò sí máàkì kan tó wá sí ìsàlẹ̀ ọgọ́rin.

Síbẹ̀, ilé ìwé dókítà márùn-ún tí a kọ òótọ́ fún wo ti àtijọ́, wọ́n kọ̀. Nígbà tó kan ìkẹfà, Bàbá Alákọ̀wé, àbúrò bàbá wa tó ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì fẹ̀yìn tì, wá jókòó tì wá. Fọ́ọ̀mù ní ká kọ gbogbo ilé ìwé gíga tó ti lọ. Bàbá yọ awò ojú rẹ̀.

“Ta ló bi yín léèrè ọdún tó ti kú? A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Ẹ kọ èyí tó parí, ẹ fi èyí tó já sílẹ̀.”

Àbúrò mi ní, “Bàbá, gbogbo ni wọ́n kọ síbẹ̀ o.”

“Ìwọ tí ò tíì di dókítà, ṣé wàá kọ́ mi ní fọ́ọ̀mù kíkọ ni?”

A rẹ́rìn-ín. Nílé wa, ẹni tó bá ń tú àṣírí ara rẹ̀ fún àlejò, wèrè là ń pè é. Gbogbo wa la fọwọ́ sí i, ó sì fi ọdún náà sílẹ̀.

Wọ́n pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Wọ́n bi í nípa máàkì yunifásítì tó parí, ó ní òun ṣeré ni, òun kò di ẹrù rẹ̀ lé ẹnikẹ́ni lórí. Èyí wù wọ́n, wọ́n gbà á. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ti ń pè é ní Dókítà.

Mo bá a lọ lọ́jọ́ ìforúkọsílẹ̀. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, kóòtù tí mo lọ tó gún régé wà nínú ọ̀rá lórí itan mi. Akọ̀wé obìnrin tó ń gba ìwé ní, “Bọ̀dá, ọdún kan sọnù láàárín ìgbà tí ẹ jáde girama àti ìgbà tí ẹ wọ yunifásítì. Níbo lẹ wà?” Kò fura, ó kàn fẹ́ fi nǹkan sí àyè tó ṣófo ni. Ká ní àbúrò mi sọ pé òun wà nílé, ọ̀rọ̀ ì bá parí. Ó wò mí. Ó wo kóòtù. Ó ní, “Mo wà ní yunifásítì míì, mà. Wọ́n lé mi.” Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ẹnu òun kọ irọ́ ẹlẹ́ẹ̀kejì.

Obìnrin náà wọlé lọ, ó pẹ́. Ọ̀gá wọn ló jáde, ohùn rẹ̀ rọ̀. “Àbúrò, ọdún burúkú yẹn kọ́ ló lé ọ. Àwọn tí tiwọn burú ju tìrẹ lọ wà nínú kíláàsì wa. Ká ní o kọ ọ́ síbẹ̀, à bá ṣì gbà ọ́. Pípa tí o pa á mọ́ ni.” Mo kúnlẹ̀. Ó ní kí n dìde, kò sí lọ́wọ́ òun mọ́. Wọn yóò fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ilé ìwé dókítà yòókù, kò sì sí èyí tó gbọdọ̀ gbà á fún ọdún mẹ́wàá. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni. Ìwọ náà rò ó.

Bàbá Alákọ̀wé wá kí wa. Ó ní, “Mo rò pé mò ń bo àṣírí yín ni.” Àbúrò mi ní, “Mo mọ̀, Bàbá,” ó sì gbé omi fún un. N kò rí ẹni tí mo lè bínú sí, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí.

Ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́ bẹ́ẹ̀dì títì. Ọmọ mẹkáníìkì ìsàlẹ̀, tí kò gbọ́ nǹkan kan, ṣì ń pariwo láràárọ̀, “Dókítà, ẹ káàárọ̀ o!” Ó ń dá a lóhùn. Àwa yòókù á máa wolẹ̀.

Mo ti ta ìwé méjèèjì padà ní 30,000, ó di 70,000. Mo yọ 10,000 fún gáàsì àti ọṣẹ. 60,000 wà lọ́wọ́ ẹni tó mú lẹ́tà yìí wá. Kà á lójú rẹ̀. Àbúrò mi ní kí n ta kóòtù náà mọ́ ọn. “Ẹ tà á, Ẹ̀gbọ́n mi, 8,000 kì í ṣe owó kékeré.” O mọ̀ mí, n kì í rí owó nílẹ̀ kí n gba orí rẹ̀ kọjá. Oníbàárà méjì ti béèrè rẹ̀ níbi tí mo gbé e kọ́ sí. Mo ní ti ẹnì kan ni, ó ń bọ̀ wá gbé e.

Bá mi kí Káfíńtà, kó má tìtorí mi bínú sí ọ. Kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èmi tí ojú ń tì, tí mo sì tún jẹ́ tìrẹ,
Alágbàfọ̀.

Ó ku 240,000 tí mo jẹ ọ́. N kò ka kóòtù mọ́ ọn.