Ìbéèrè Tí Mo Bi Onílé Rẹ ní Apẹ̀tẹ́

Atíkorí, Ìjẹ̀bú-Igbó,
Ọjọ́ Àlàmísì.

Ọmọ mi Ọmọ́títí,

Àlàáfíà fún ọ o. Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé Ìbàdàn gbè ọ́? Ọlọ́run Ọba kò ní jẹ́ kí ojú tì ọ́ láàárín ẹgbẹ́ rẹ. Mo ti ṣe àdúrà yẹn tán kí n tó rántí pé èmi gan-an ni mo dójú tì ọ́. Ìyá rẹ Àdíját ń kí ọ, ewúrẹ́ funfun yẹn ti bí ìbejì, ṣùgbọ́n kì í ṣe tìtorí ewúrẹ́ ni mo ṣe kọ̀wé.

Mo mọ̀ pé ejẹ́ǹtì ilé tó mú mi lọ bá onílé rẹ ti ròyìn mi fún ọ, torí o kò pè láti ọjọ́ náà. Mo ní kí Rẹ̀mí, àbúrò ìyá rẹ, fi ohùn mi ránṣẹ́ sí ọ lórí fóònù rẹ̀. Mo kí ọ, mo dúró, mo tún kí ọ, fóònù kò dáhùn, mo ní ọmọ yìí ti pinnu pé òun kò ní dá mi lóhùn mọ́ láyé. Rẹ̀mí rẹ́rìn-ín títí, èmi kò rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ni mo fi gbé bírò.

Nígbà tí o kàwé jáde ní Àgọ́-Ìwòyè tí iṣẹ́ gbé ọ lọ sí Ìbàdàn, o ní owó ilé Bódìjà kò ṣeé gbọ́ sétí, pé ọ̀rẹ́ tí o há mọ́ nínú yàrá rẹ̀ yóò ṣègbéyàwó lóṣù yìí, o sì ti rí yàrá kan tí agbára rẹ ká ní Apẹ̀tẹ́. Inú mi dùn. Rẹ̀mí fi àwòrán yàrá náà hàn mí, mo yí fóònù sẹ́yìn kí n lè rí ẹ̀yìnkùlé, n kò rí nǹkan kan. Ẹ̀rù bà mí. Ilé tí kò ní ẹ̀yìnkùlé, tí owó rẹ̀ tún kéré tó bẹ́ẹ̀, mo ní nǹkan ń bẹ níbẹ̀.

Onílé, Bàbá Ọládòṣù, ní òun kò ní fún ọmọbìnrin tí kò tíì lọ́kọ ní yàrá àfi tí òun bá rí òbí rẹ̀. O ní kí n lọ kí i, kí n dúpẹ́, kí n máa bọ̀. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa níbí, kí ọmọbìnrin tó wọ ilé ẹlòmíràn, a máa ń wádìí bóyá olè, wárápá tàbí wèrè wà nínú ìran wọn. Bí a ṣe ṣe é fún ẹ̀gbọ́n rẹ kó tó re ilé ọkọ nìyẹn, mo sì rò pé ilé ni ilé ń jẹ́.

Bàbá náà gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀. Obìnrin kan kúnlẹ̀ gbé omi fún mi, ó ní ẹ kú ìrìn, bàbá. Mo gbé kọ́ọ̀pù lọ́wọ́, mo wá béèrè lójú gbogbo ayálégbé pé ẹ má bínú o, ṣé wèrè wà nínú ìran yín ni owó ilé yín fi kéré?

Bàbá Ọládòṣù ní ó wà, ẹni tó gbé omi fún mi yẹn ni, àbúrò òun ni, ó pẹ́ tí orí rẹ̀ ti dàrú. Ó ní lọ́jọ́ tí o wá wo yàrá, o jókòó tì í, o bá a di irun rẹ̀, òun sì tìtorí ẹ̀ dín owó kù fún ọ. Obìnrin náà ń wò mí, ó ń béèrè bóyá kí òun tún bu omi sí i. Ojú tì mí, Ọmọ́títí. Mo dọ̀bálẹ̀ tàgbàtàgbà, n kò mọ ẹni tí mo ń dọ̀bálẹ̀ fún nínú wọn.

Ó ní kí n sọ fún ọ pé yàrá ṣì jẹ́ tìrẹ, iye tí òun pè náà ni, kí o wá gba kọ́kọ́rọ́, ṣùgbọ́n kí èmi má tẹ àgbàlá òun mọ́. Kò jágbe mọ́ mi. Ìyẹn ló dùn mí jù. Jọ̀wọ́ gba yàrá náà, má ro tèmi.

Tí oṣù bá parí, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, kí o fi díẹ̀ lé e, ìjì ti ṣí páánù ilé ìdáná. Màá gbé gàrí àti epo dé ibùdókọ̀ Apẹ̀tẹ́, màá dúró síbẹ̀, kí o wá gbà á lọ́wọ́ mi. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí yàrá náà tù ọ́ lára, ẹnu ọ̀nà rẹ kò ní gba ẹkún wọlé. Bu nínú gàrí náà fún obìnrin yẹn, kí o sì bá mi fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ kí n lè máa fi í sínú àdúrà. Nínú gbogbo ohun tí mo béèrè lọ́jọ́ náà, n kò béèrè ìyẹn.

Èmi ni bàbá rẹ,
Rùfáì.