Mo Kúnlẹ̀ fún Mama Nkechi

Ọjọ́ Sátidé, ìrọ̀lẹ́

Inú mi ń dùn débi pé mi ò lè jókòó jẹun.

Láti ìgbà tí Mama Nkechi, aládùúgbò wa, ti da omi ìfọṣọ sára aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì tí mo sá, tí wọn ò sì bẹ̀ mí, mi ò kí wọn mọ́. Láàárọ̀ yìí ni Àǹtí mi, tí mò ń gbé lọ́dọ̀ wọn, gbọ́ tí mò ń gbàdúrà pé kí n lè fìwà jọ Jésù. Wọ́n ní: "Ìwọ tó o fẹ́ fìwà jọ Jésù, ṣé Jésù ló ní kó o máa bá Mama Nkechi yan odì?"

Mo lọ bá wọn lẹ́nu ọ̀nà wọn, mo kúnlẹ̀. Èmi tí mo kàwé ní ìlú òyìnbó, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í kúnlẹ̀ kí èèyàn! Ni Mama Nkechi bá fò dìde: "Nwa m, ọmọ mi, who die?" Wọ́n rò pé mo wá túfọ̀ ni. Mo ní mo kàn wá kí wọn ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n fà mí dìde, wọ́n ní ojú ló ń ti àwọn láti bẹ̀ mí nítorí aṣọ yẹn.

Mo ti rò pé tí mo bá kúnlẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ mí, ṣe ni inú á túbọ̀ máa bí mi. Mo ti wá ìbínú náà títí di ìsinsìnyí, mi ò rí i.